Èsì wa sí oníbàárà tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ di yìnyín lẹ́yìn tó fi fítà (asẹ́ afẹ́fẹ́) MERV 13 sí i

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì kú ìfaradà ooru náà. Ẹ ní ẹ̀rọ amúlétutù yín tó jẹ́ tọ́ọ̀nù 3 (ìwọ̀n agbára ìtútù rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe bó ṣe wúwo tó) di yìnyín lẹ́yìn tí ẹ fi fítà MERV 13 wa sí i, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò sì lágbára mọ́, àfìgbà tí ẹni tó wá tún un ṣe yọ fítà náà sọnù. Ẹ ní íǹṣì 16x25x1 ló wà lára páálí rẹ̀, ṣùgbọ́n 15½ lórí 24½ ni rúlà bá níbẹ̀. Ẹ tún ní nígbà tí ẹ fọ̀ ọ́, ó rún, pé ayédèrú ni. Fítà náà kì í ṣe ayédèrú. Kò kàn bá ẹ̀rọ yín mu ni, a sì fẹ́ kí ẹ̀yin àti ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èsì yìí mọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó ra òmíràn.

Nọ́ńbà MERV ń sọ bí fítà ṣe ń mú eruku tó. Kò sọ bó ṣe máa rọrùn tó fún fáànù láti fa afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀. MERV 8 gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún eruku tó wà láàárín máíkírọ́ọ̀nù 3 sí 10 (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà). MERV 13 gbọ́dọ̀ mú ìdá 90 nínú ìwọ̀nyẹn, kó sì tún mú ó kéré tán ìdá 50 nínú àwọn tó kéré gan-an, láti 0.3 sí 1, níbi tí ọ̀pọ̀ èéfín wà. Kí aṣọ fítà tó lè mú nǹkan tó kéré bẹ́ẹ̀, ó ní láti dí. Bó bá dí, tí ojú rẹ̀ sì kéré, fáànù á máa jìyà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti yín. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ nǹkan bíi CFM 400 (ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan) fún tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, nítorí náà tọ́ọ̀nù 3 á fẹ́ 1,200. Ojú fítà 16x25 jẹ́ íǹṣì onígun mẹ́rin 400. Ẹ fi 144 pín in, ó di ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 2.78. Ẹ wá fi 2.78 pín 1,200, ẹ ó rí nǹkan bíi 432. Iye ẹsẹ̀ bàtà tí afẹ́fẹ́ ń sáré gba ojú fítà yín ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Fún fítà oníṣẹ́po (èyí tí wọ́n ṣẹ́ aṣọ rẹ̀ po), àwa ń fẹ́ kó wà ní nǹkan bíi 300. Fítà 20x30 ni ì bá gbé e wá síbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá mọ tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ rẹ̀ ló lè ṣe ìṣirò yìí kó tó sanwó, a sì gbà pé ó wúlò ju gbogbo ìpolówó tó wà lára páálí lọ.

Afẹ́fẹ́ ilé tó ń kọjá lára kọ́ìlì (àwọn ọ̀pá inú ẹ̀rọ tó ń mú afẹ́fẹ́ tutù) ni kì í jẹ́ kí kọ́ìlì náà tutù jù. Nígbà tó bá dínkù, ara kọ́ìlì á tutù kọjá ìwọ̀n 0 Celsius, omi tó ń sẹ̀ sára rẹ̀ á dì, yìnyín náà á sì tún dí ọ̀nà tó kù fún afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, tó sì dópin lójijì. Nígbà òtútù, tí ẹ̀rọ oníná bá ń mú ilé gbóná, ohun kan náà á fara hàn lọ́nà mìíràn: inú rẹ̀ á gbóná jù, swíìṣì ààbò á pa iná, iná á tún tàn, á tún kú, ilé kò sì ní gbóná dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo ẹ̀rọ náà láìsí fítà. Òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ ń jáde dáadáa báyìí, ṣùgbọ́n ara kọ́ìlì tútù, eruku ń lẹ̀ mọ́ ọn, á sì di ẹrẹ̀ láàárín àwọn irin pẹlẹbẹ tó sún mọ́ra wọn. Ẹrẹ̀ yẹn á mú yìnyín padà wá, kò sì ṣe é yọ sọnù bíi fítà.

Bí yìnyín bá tún yọ, ẹ pa ìtútù, kí ẹ yí fáànù sí ON, kó fẹ́ títí gbogbo rẹ̀ á fi yọ́. Ó lè gba wákàtí mélòó kan, ó sì lè gba ọjọ́ kan gbáko bó bá nípọn. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí irin ha á, torí bí kọ́ìlì bá lu, gáàsì inú rẹ̀ tó ń mú un tutù á jò. Ẹ wo àwo tó ń gbomi nísàlẹ̀ rẹ̀ kó má baà kún sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi MERV 8 tuntun sí i. Bó bá tún di yìnyín, kì í ṣe fítà mọ́: ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ gáàsì, ìdọ̀tí ara kọ́ìlì àti agbára fáànù wò, kí ẹ sì rí i pé ẹnikẹ́ni kò ti ojú ihò afẹ́fẹ́ inú yàrá pa.

Bí ẹ bá fẹ́ MERV 13 dandan, bóyá nítorí ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí nítorí èéfín, àyè fítà ni kí ẹ yí padà. Àpótí fítà oní-íǹṣì 4 ní aṣọ púpọ̀ nínú ìṣẹ́po rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbà á kọjá ní ìrọ̀rùn ju oní-íǹṣì 1 lọ. Oníṣẹ́ ló máa fi í sí i, torí kò lè wọ àyè oní-íǹṣì 1. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n ṣí ojú ìfa-afẹ́fẹ́ míì, kí ojú fítà lè pọ̀ sí i. Ẹ má to fítà méjì tẹ̀lé ara wọn, ìnira ni ẹ ń fi kún un fún fáànù. MERV kò sì sọ nǹkan kan nípa òórùn. Fítà tó ní èédú nínú ni ti òórùn.

Ti ìwọ̀n, bí gbogbo àwọn tó ń ṣe fítà ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn: 16x25x1 ni orúkọ rẹ̀, ìwọ̀n gan-an á fi bí ìlàjì íǹṣì kéré sí i kó lè wọlé láìfún mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fa èyí tó bá wà nínú ẹ̀rọ yín jáde kí ẹ wo etí páálí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà eruku dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá láìgba inú aṣọ. Ẹ lẹ fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ etí àyè náà. Ọfà ara fítà gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí fáànù wà.

Èyí tí ẹ rà kò ṣe é fọ̀. Omi ń ba páálí rẹ̀ jẹ́, ó sì ń pa iná mànàmáná tó wà lára òwú rẹ̀, èyí tó ń fa eruku kékeré mọ́ra. Èyí tí wọ́n bá kọ sí lára pé ó ṣe é fọ̀ nìkan ni kí ẹ fọ̀, kó sì gbẹ pátápátá kó tó padà sínú ẹ̀rọ. Ẹ máa wo oní-íǹṣì 1 lóṣooṣù, kó má pẹ́ ju oṣù mẹ́ta lọ. Bí ajá tàbí ológbò bá wà nílé, tàbí bí iṣẹ́ kíkọ́lé bá ń lọ, ó lè má tó oṣù kan. Oní-íǹṣì 4 máa ń lo oṣù 6 sí 12. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi sí i sí etí páálí.

A ó pààrọ̀ èyí tó ṣẹ́kù láìtú nínú páálí yín sí MERV 8 láìgba owó kankan. Ẹ fi nọ́ńbà ìrajà yín ránṣẹ́ sí wa ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ sì fi ìjìn àyè fítà yín kún un, kì í ṣe ti fítà àtijọ́, nítorí bí ó bá lé ní íǹṣì 4, èyí tó nípọn lè wọ̀ ọ́ láìfọ́ ohunkóhun.