Ẹ̀rọ Mọ Ojú Ọmọ, Ẹ Tún Ní Káàdì Dà?

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀kun o. Wọ́n tún ti dá ọmọ ọlọ́mọ padà níbi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ láti dìbò o.

Ọmọbìnrin ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé méjìdínlógún. Ó ti forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti tẹ ìwé rẹ̀ jáde, ó ku kí wọ́n ya fọ́tò kí wọ́n sì gba ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Akọ̀wé wo káàdì ilé-ìwé rẹ̀, ó ní òun ò gbà. Fọ́tò wà lára rẹ̀, òǹtẹ̀ wà níbẹ̀! Òfin ìdìbò 2022 ka ìwé ìbí, páàsípọ́ọ̀tù, káàdì ìdánimọ̀ àti láísẹ́ǹsì awakọ̀, ó sì fi kún un pé ìwé mìíràn tó bá fi ẹni náà, ọjọ́ orí rẹ̀ àti orílẹ̀-èdè rẹ̀ hàn tó. Ta ló ní kí akọ̀wé gé òfin kúrú?

"Mú NIN wá," ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Ó mú un wá. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà nígbà yẹn ti fi ọdún kan gé ọjọ́ orí ọmọ, ó wá di mẹ́tàdínlógún. "Lọ tún un ṣe." Ṣé ẹ mọ iye tí wọ́n ń gbà láti tún ọjọ́ ìbí ṣe lórí NIN? ₦28,574! Lọ́wọ́ ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ yan gàrí!

NIN yìí kan náà ló fi gba síìmù. Òun ló fi ṣe JAMB, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, tí wọ́n ti sọ NIN di dandan fún láti 2021. Níbi tí owó bá ti ń wọlé, kò sẹ́ni tó ń wo àléébù. Ẹ má tilẹ̀ jẹ́ ká dé ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Bùnú, àbí ti ọ̀nà Kàbà sí Ìsánlú, nílẹ̀ Òkun wa ní Kogí níbí.

Ká ní ó rí i ṣe, sílíìpù ni wọ́n máa fún un, sílíìpù ò sì ṣeé dìbò. Káàdì ìdìbò gan-an ń bọ̀, ó ń bọ̀. Ní 2023, mílíọ̀nù 93.4 orúkọ ló wà nínú ìwé, káàdì mílíọ̀nù 87.2 péré làwọn èèyàn rí gbà.

Lọ́jọ́ ìdìbò ńkọ́? BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀, á yẹ ìka wò. Bí ẹ̀gẹ́ bíbó bá ti jẹ orí ìka tán, á wo ojú. Fọ́tò ọmọ wà nínú ẹ̀rọ! Ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n! Ṣùgbọ́n bí káàdì ò bá sí lọ́wọ́, kó máa lọ sílé.

Ó dáa. Kí àwọn agbẹ̀bí máa so káàdì ìdìbò mọ́ ìwọ́ ọmọ láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti bí i, kí fọ́tò náà sì ti hu irùngbọ̀n.