Mo fẹ́ gbé Mọ́mì lọ Whitby, níbo la ti máa jẹun?

Àbíkẹ́ Leeds: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mọ́mì mi dé láti Abẹ́òkúta, mo fẹ́ gbé wọn lọ Whitby, ìlú etí òkun ní Yorkshire, ní Sátidé kí wọ́n lè rí òkun. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n, orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò lè gun àtẹ̀gùn púpọ̀. Níbo la ti lè jẹun, ká sì mu nǹkan? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n gbé ìrẹsì lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Gbé ìrẹsì lọ.

Bọ́dà Ṣẹ́gun Hull: Magpie Café ni. Ilé dúdú òun funfun yẹn ní Pier Road, tó kọjú sí èbúté. Láti 1939 ló ti wà. Iná jó o ní 2017, wọ́n sì tún un ṣe. Ẹja haddock ni kí ẹ bèèrè o! Ará Yorkshire ò ka ẹja cod sí nǹkan kan.

Màmá Ìbejì: Magpie kẹ̀, Bọ́dà? Láìnì yẹn á gùn títí dé títì. Àtẹ̀gùn sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní orúnkún ń dun ìyá.

Lánre_Boro: Àtẹ̀gùn Whitby, 199 ni. Mo kà á nígbà tí mò ń gòkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́ 199. Mo kà á nígbà tí mò ń bọ̀, ó di 197. Ẹ má gbé ìyá yín débẹ̀.

Àbíkẹ́ Leeds: Ta ló ní mo fẹ́ gbé wọn gùn ún?

Alhaja Sìkírá: Ẹ dákun, kí ni wọ́n fi ń dín ẹja náà?

Bọ́dà Ṣẹ́gun Hull: Ọ̀rá màlúù ni, Alhaja. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Yorkshire nìyẹn, òun ló jẹ́ kí èèpo rẹ̀ máa hó gàrà lẹ́nu.

Alhaja Sìkírá: Màlúù tí ta ló pa?

Tóyìn B: Quayside náà dáa, ní 2014 wọ́n gba ẹ̀bùn fish and chips tó dára jù ní gbogbo Britain. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ ẹ́ níta o. Ẹyẹ òkun kan já odindi haddock gbà lọ́wọ́ mi létí omi. Ó gbé e, ó tún dúró lórí ògiri, ó ń wò mí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ó ń dúró de chips.

Díákónì T.: Ẹ lọ sí Botham's ní Skinner Street. Obìnrin kan, Elizabeth Botham, ló dá a sílẹ̀ ní 1865. Ẹ ra gingerbread wọn, ẹ fi bọ́tà àti wàràkàṣì sí i, kí Màmá fi mu tíì.

Tóyìn B: Ẹ fẹ́ ká gbé ìyá láti Abẹ́òkúta wá jẹ búrẹ́dì?

Lánre_Boro: Fún mímu, Duke of York ni, nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn náà. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí omi. Tàbí Black Horse ní Church Street.

Díákónì T.: Ìyá àgbà? Nílé ọtí?

Lánre_Boro: Wọ́n ń ta oúnjẹ àti tíì níbẹ̀, sà. Kò sẹ́ni tó máa fi tipátipá bu bíà fún wọn.

Màmá Ìbejì: Ẹ má lọ níparí October o. Èmi lọ, gbogbo èèyàn ló wọ dúdú láti orí dé ẹsẹ̀, ètè dúdú, bàtà dúdú. Mo ti ń kí wọn kú ará-fẹ́-ra-kù kí ọmọ mi tó ní àjọ̀dún Goth ni.

Bọ́dà Ṣẹ́gun Hull: Ẹ má gbàgbé Fortune's ní Henrietta Street. Láti 1872 ni wọ́n ti ń yan kipper níbẹ̀. Ṣáwá wa náà ni. Ẹ rà á lọ sílé.

Lánre_Boro: Kipper kì í ṣe ṣáwá.

Bọ́dà Ṣẹ́gun Hull: Herring ni ṣáwá. Herring ni kipper. Kí ló tún kù?

Lánre_Boro: Odindi ni wọ́n ń yan ṣáwá, tòun torí. Wọ́n máa ń la kipper láti ẹ̀yìn, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n á fi iyọ̀ sí i kí wọ́n tó so ó rọ̀ sínú èéfín. Èyí tí wọn ò là, bloater ni Òyìnbó ń pè é.

Bọ́dà Ṣẹ́gun Hull: Tí wọ́n bá la ewúrẹ́ láti ẹ̀yìn, ṣé ó di àgùntàn?

Lánre_Boro: Ẹ̀wà ni àkàrà, ẹ̀wà ni mọ́ínmọ́ín. Gbé mọ́ínmọ́ín fún ẹni tó rán ẹ ní àkàrà, kó o wò ó.

Bọ́dà Ṣẹ́gun Hull: "Ẹ"? "Kó o"? Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?

Lánre_Boro: Ẹ máà bínú, sà. Kipper kì í ṣe ṣáwá, sà.

Màmá Ìbejì: Títù ńkọ́?

Bọ́dà Ṣẹ́gun Hull: Màdáámù, kò sẹ́ni tó dárúkọ Títù níbí!

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Nínú gbogbo ẹ̀, èwo ló bá gààrí lọ?

Bọ́dà Ṣẹ́gun Hull: ṢÁWÁ NI. HERRING NI. Mo ti sọ tèmi.

Alhaja Sìkírá: MÀLÚÙ TÍ TA LÓ PA?

Àbíkẹ́ Leeds: A ti lọ, a ti bọ̀ o. Ṣọ́ọ̀bù tí láìnì rẹ̀ kúrú jù la yà sí, mi ò ní dárúkọ wọn. Chips tutù bí omi àmù. Ṣùgbọ́n Mọ́mì jẹ haddock wọn tán, wọ́n ní ata ló kù. Wọ́n wá ra kipper mẹ́rin, gbogbo mọ́tò ń rùn.

Bọ́dà Ṣẹ́gun Hull: Kí ni Mọ́mì pè é?

Àbíkẹ́ Leeds: Wọ́n ní, "Ṣáwá tí wọ́n là rèé."

Bọ́dà Ṣẹ́gun Hull: Ẹ gbọ́! "Ṣáwá"!

Lánre_Boro: Ẹ gbọ́! "Tí wọ́n là"!

Alhaja Sìkírá: Ẹ ò tíì sọ ẹni tó pa màlúù.