Kì í ṣe pásítọ̀ nìkan ni ìjẹ́rìí wà fún

Ọ̀rọ̀ kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí: pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn mọ́kànlá nìkan ni Jésù rán níṣẹ́ nínú Mátíù 28, nítorí náà ẹni tí kì í bá ṣe pásítọ̀ kò gbọdọ̀ wàásù.

Mọ́kànlá ni wọ́n lóòótọ́, ẹsẹ 16 sọ bẹ́ẹ̀. Àbájáde tí wọ́n fà yọ ni kò tọ́.

Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8. Ẹsẹ 1 ní inúnibíni tú ìjọ Jerúsálẹ́mù ká, àfi àwọn àpọ́sítélì. Ẹsẹ 4 ní àwọn tó túká yìí ló ń wàásù kiri. Àwọn àpọ́sítélì ṣì wà nílé o!

Oyè àti ẹ̀rí la máa ń pò pọ̀. Éfésù 4:11 ní àwọn kan ni a fi ṣe ajíhìnrere. Ìyẹn, oyè ni. Ṣùgbọ́n gbogbo onígbàgbọ́ ni 1 Pétérù 3:15 ń bá sọ̀rọ̀: kí wọ́n múra tán láti fi ìwà tútù dá ẹni tó bá béèrè nípa ìrètí wọn lóhùn. Ìyá alákàsà ní ọjà Ouando, tí oníbàárà bi pé kí ló dé tó fi dá owó tó lé padà, lè dáhùn láì tọrọ àṣẹ. Kó ṣáà má fi ìwàásù dá oníbàárà dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ti ẹni tó lè ṣe ìrìbọmi àti oúnjẹ Olúwa fún ìjọ, ètò ìjọ kálukú nìyẹn.