Táwẹ̀lì Ló Lọ Gbafẹ́ Lójú Òkun

Ẹ ti rí fọ́tò táwọn tó wọ ọkọ̀ òkun lọ gbafẹ́ máa ń gbé jáde. Ẹsẹ̀ méjì tí wọ́n nà síwájú, ife ọtí tí agbòòrùn bébà wà lẹ́nu rẹ̀, omi òkun lọ salalu lẹ́yìn, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọkọ̀ ò dúró ní èbúté kankan lónìí, ìsinmi nìkan ni. Ẹ kú ìgbádùn o, ọmọ olówó! Ohun tí fọ́tò ò sọ ni aago tí ẹlẹ́sẹ̀ náà jí kó tó rí àga yẹn gbà.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni. Ẹni tó sanwó kó lè sùn fọnfọn ti ń sáré gun àtẹ̀gùn lọ sí àjà òkè ọkọ̀, níbi tí àga yí adágún ìwẹ̀ ká, torí lífítì ń pẹ́. Táwẹ̀lì mẹ́rin ló kó lápá, bẹ́ẹ̀ àwọn méjì péré ló wà ní yàrá. Iṣẹ́ fífi táwẹ̀lì gba àga sílẹ̀ ní ìlànà: á tẹ́ táwẹ̀lì láti ìgbèrí àga dé ìdí ẹsẹ̀, á fi sálúbàtà ẹsẹ̀ kan sórí àga àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ kejì sórí èkejì, ìwé tí ò ní kà sórí ẹ̀kẹta, ike ìpara oòrùn tó ti tán sórí ẹ̀kẹrin. Ọkọ̀ yẹn lè máa sá tó kìlómítà 37 ní wákàtí kan, atẹ́gùn orí rẹ̀ kì í ṣe ti eré, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ra kílíìpù oníke ńlá méjì fún àga kọ̀ọ̀kan. Àwòrán ayékòótọ́ ló wà lára rẹ̀. Ẹyẹ tó yẹ kó ké gbàjarè ni wọ́n ní kó fẹnu di ẹrù olè mú.

Wọ́n wá padà lọ sùn. Ó ku táwẹ̀lì.

Mo júbà rẹ, táwẹ̀lì! Ajókòó-má-nìídìí! Olówó rẹ ń tò nítorí ẹyin díndín, ìwọ nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Olówó rẹ ń pàdánù owó nílé tẹ́tẹ́ nísàlẹ̀, ìwọ ń yáàrùn. Bí ìgbì bá le, tí omi adágún ìwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò lu èèyàn, wọ́n á fa omi náà dànù, wọ́n á ta àwọ̀n bò ó. Ẹ lọ wò ó: táwẹ̀lì ṣì wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ kòtò gbígbẹ.

Òfin wà o. Carnival, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan, á lẹ bébà tí wọ́n kọ aago sí mọ́ àga tí ò lẹ́ni. Bó bá di ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n á palẹ̀ ẹrù mọ́. Ṣé ẹ rò pé àwọn olówó táwẹ̀lì ò gbọ́n tó o? Ní ìṣẹ́jú kọkàndínlógójì, ìyàwó á sáré dé, á ṣí ìwé yẹn lójú ewé kan, á já bébà dànù, á tún bá tirẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ ò fẹ́ bá wọn fa ọ̀rọ̀, torí àlejò ló máa kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ó ṣe dáadáa. Àti pé ọkọ̀ ti wá di ìlú: Icon of the Seas, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2024, ní adágún ìwẹ̀ 7, ó sì lè gbé èrò bíi 7,600. Ẹ bá mi pín in.

Lórí Titanic lọ́dún 1912, ṣílè 4 ni wọ́n fi ń yá àga fún gbogbo ìrìn-àjò. O sanwó, àga di tìrẹ, ọ̀rọ̀ parí. Lórí àwọn ọkọ̀ ìgbà yẹn, òṣìṣẹ́ á gbé kúbùsù àti omi ẹran gbígbóná wá bá ẹ níbi tó o jókòó sí. A mọ bí ti Titanic ṣe parí, ṣùgbọ́n kì í ṣe àga ló fà á. Ẹni tó pa ètò yẹn rẹ́, Ọlọ́run ló máa dá a lẹ́jọ́.

Kí ló tiẹ̀ ń ṣe yín gan-an? Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin bàbá ọlọ́mọ, ẹ ń bá ìyá arúgbó jìjàdù àga oníke! Ojú ò tì yín! Bí òṣìṣẹ́ bá wá kó ẹrù náà, ẹ wo eré tí àwọn olówó táwẹ̀lì ń sá, kì í ṣe torí àga mọ́: káàdì yàrá ni wọ́n fi gba táwẹ̀lì, bó bá sọnù, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á gba nǹkan bíi dọ́là 25 lórí ẹyọ kan.

Bẹ́ẹ̀ àga wà. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí àjà tí wọ́n so àwọn ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà rọ̀ sí. Ibòòji wà níbẹ̀, ó sún mọ́ omi. Bí èèyàn bá jókòó sí agbedeméjì ọkọ̀, níbi tí kì í ti í fì púpọ̀, òòyì òkun ò ní tètè kọ lù ú. Òkun gan-an ni àga kọjú sí. Àmọ́ orin ò sí níbẹ̀, ọtí ò sí, kò sì sẹ́ni tó máa rí yín. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ wá o. Ẹ dúró ti ayékòótọ́ yín lókè lọ́hùn-ún.