Ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo ni àbí ẹ̀rọ méjì? Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùnní Aránṣọ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀rọ tí mo fi ń ránṣọ ti pé ọdún 11. Kò ní kọ̀ǹpútà nínú. Ó ń rán gbọọrọ, ó ń rán sígísáàgì, ó sì ń ṣe ojú bọ́tìnì tí èèyàn bá ń fọwọ́ yí i ní ìpele mẹ́rin. Aṣọ wíwọ̀ ni mo fi í rán láti ìbẹ̀rẹ̀, kò já mi kulẹ̀ rí. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo kó sínú kúìlìtì, aṣọ ìbora tí a ń fi ègé aṣọ wẹ́wẹ́ rán pọ̀, tí a ó wá tẹ́ lé ìpele rírọ̀ àti aṣọ ẹ̀yìn, ká tó gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Lóṣù tó kọjá mò ń gún ọ̀kan tó fẹ̀ ní ínṣì 90. Nígbà tí mo dé àárín, mo ká ìdajì rẹ̀ bí ẹní, mo fẹ́ tì í gba abẹ́ apá ẹ̀rọ, kò gbà. Mo fi agbára kún un. Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara ẹ̀rọ, eyín ìsàlẹ̀, irin tó ń fa aṣọ lọ lábẹ́ abẹ́rẹ́, kò lè fà á mọ́, ìlà mi wá di ibìkan gígùn, ibìkan kúkúrú. Ìlà mẹ́fà ni mo tú lóru ọjọ́ náà.

Mo ti tọ́jú owó fún ẹ̀rọ gidi báyìí. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́, tí yóò gún kúìlìtì, tí yóò sì rán aṣọ wíwọ̀ tó mọ́. Kí ni kí n máa wò?

Bísí Abẹ́rẹ́:
Àǹtí Àdùnní, ẹ lọ ra ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ẹ má wẹ̀yìn. Ọdún tó kọjá ni mo pààrọ̀ tèmi, mi ò sì mọ bí mo ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Tí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà, abẹ́rẹ́ dúró sínú aṣọ, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ gbéra díẹ̀ fúnra rẹ̀, mo yí igun, mo ń bá a lọ. Ó ń gé òwú fúnra rẹ̀. Ojú bọ́tìnì mẹ́wàá lórí ṣẹ́ẹ̀tì kan, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá a bára mu, torí ó ń wọn bọ́tìnì náà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní ti kúìlìtì, Bernina ní ẹsẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní BSR. Tí ẹ bá sọ eyín ìsàlẹ̀ kalẹ̀, tí ẹ ń fọwọ́ darí aṣọ fúnra yín, ojú kan wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ yẹn tó ń wo bí aṣọ ṣe ń yára sí, ẹ̀rọ á sì máa bá ọwọ́ yín lọ kí gígún lè dọ́gba. Tí ọwọ́ bá yá jù, ó máa ń dún láti kìlọ̀.

Ìyá Olówùú:
Bísí ọmọ mi, gbogbo ohun tó o sọ ló dára, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kan ìṣòro tó gbé wá. Àdùnní, ọ̀fun ẹ̀rọ ni kó o ra. Ọ̀fun ni àyè tó wà láàárín abẹ́rẹ́ àti òpó ẹ̀rọ lápá ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé, ínṣì 6 sí 7 ni. Kúìlìtì tó fẹ̀ ní 90, tó o bá dé àárín, ínṣì 45 ló gbọ́dọ̀ ká sínú àyè kékeré yẹn, pẹ̀lú ìpele mẹ́ta tó ki. Kò sí BSR tó lè ràn ọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀, torí ọwọ́ rẹ gan-an kò ní ráàyè rìn. Tépù ìwọ̀n ni kó o mú lọ ra ẹ̀rọ. Èyí tó bá jẹ́ ínṣì 10 tàbí 11, wàá mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Janome ní èyí tí wọ́n ń pè ní Continental M7 tí àyè rẹ̀ tó ínṣì 13 ààbọ̀.

Mo ti rí àwọn tó ra ẹ̀rọ tó ní igba àrà, òdòdó, labalábá, oríṣiríṣi lẹ́tà, tí ọ̀fun rẹ̀ kò sì ju tìẹ lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àrà mẹ́rin ni wọ́n ń lò.

Télọ̀ Àgbà:
Ẹ̀yin obìnrin, kúìlìtì nìkan lẹ ń sọ. Ó ní òun ń rán aṣọ wíwọ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó ńlá wọ̀nyí ń rán sígísáàgì tó fẹ̀ tó 9 mm. Kí abẹ́rẹ́ tó lè rìn débẹ̀, ihò tó wà lára àwo abẹ́rẹ́, irin pẹlẹbẹ tí abẹ́rẹ́ ń gbà kọjá, gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wàyí o, mú sífọ́ọ̀nù, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn. Fi igun rẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, kí o tẹ pẹ́dà. Abẹ́rẹ́ kò ní gún un, ńṣe ni yóò tì í wọnú ihò yẹn. Wàá gbọ́ kìtì-kìtì nísàlẹ̀, aṣọ á ti wé mọ́ bọ́bìnì tó gbé òwú ìsàlẹ̀. Tó o bá fà á, ó ya. Apá aṣọ kan tí mo ti gé tán ló bá mi lọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní ègé tó kù.

Lójú tèmi, ẹ̀rọ méjì ló yẹ ọ. Wá ọ̀kan tó ń rán gbọọrọ nìkan, tó lágbára, tí ihò rẹ̀ kéré. Juki TL-2010Q jẹ́ irú rẹ̀: gígún 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀fun rẹ̀ ju ínṣì 8 lọ, eyín ìsàlẹ̀ ṣeé sọ kalẹ̀ fún kúìlìtì, ó sì ń gé òwú. Kò mọ sígísáàgì, kò mọ àrà kankan. Ìyẹn ni ẹ̀rọ àtijọ́ rẹ á máa ṣe, òun náà ni yóò máa ṣe ojú bọ́tìnì. Má tà á.

Bísí Abẹ́rẹ́:
Bàbá, ẹ má bínú, mo fẹ́ tako yín díẹ̀. Àwo abẹ́rẹ́ ṣeé pààrọ̀. Àwo oníhò kékeré róbótó wà fún ẹ̀rọ oní-9 mm, fún ìrán gbọọrọ. Tí mo bá sọ fún ẹ̀rọ tèmi pé àwo yẹn ló wà níbẹ̀, kò ní gbà kí n mú sígísáàgì, kí abẹ́rẹ́ má bàa kán. Tí mo bá ń rán sífọ́ọ̀nù, mo máa ń fi àwo yẹn sí i, mo mú abẹ́rẹ́ tuntun tó tín-ín-rín, nọ́mbà 70, mo bẹ̀rẹ̀ lórí ègé aṣọ kékeré, kí n tó wọ orí aṣọ gangan, mo sì di ìdí òwú méjèèjì mú sẹ́yìn. Kò tíì jẹ aṣọ mi rí.

Télọ̀ Àgbà:
Mo gbà, ọmọ mi. Ìdáhùn gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí Àdùnní bèèrè kó tó sanwó bóyá àwo náà wà nínú páálí àbí yóò rà á lọ́tọ̀. Kó sì tún wo bọ́tìnì tí a fi ń dín bí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ṣe ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ kù. Ẹ̀rọ tí kò bá gbà ká dín in kù kò wúlò fún télọ̀. Aṣọ tó ń nà á máa rún bí ìgbì lábẹ́ ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ jù, kúìlìtì tó ki kò sì ní lè rìn rárá.

Ìyá Olówùú:
Níbi tí Bàbá dé yìí ni kúìlìtì àti aṣọ wíwọ̀ ti pàdé. Aṣọ ìsàlẹ̀ nìkan ni eyín ìsàlẹ̀ ń fà. Ti òkè ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, tí ẹ bá fi máa dé ìparí ìlà, ti òkè á ti yọ jáde. Lórí kúìlìtì, ó máa ń hunjọ lẹ́yìn. Lórí yẹ̀rì aláràbarà oníìlà, àwọn ìlà náà kò ní pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó ń wò ó sàn ni irin tó ń fa aṣọ láti òkè bákan náà. Pfaff ti ń fi tirẹ̀ sára ẹ̀rọ láti 1968, IDT ni wọ́n ń pè é, tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ kàn fà á sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Àwọn yòókù náà ti ní tiwọn. Tó bá jẹ́ pé ohun méjì péré ni Àdùnní lè sanwó fún, kó jẹ́ ọ̀fun àti èyí.

Atúnrọṣe:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń gbé wọn wá nígbẹ̀yìn. Singer 221, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1933, kò ju nǹkan bíi kílò 5 lọ, gbọọrọ nìkan ló ń rán, àwọn kan ṣì ń fi rán ègé kúìlìtì pọ̀ di òní. Ìdí ni pé irin ló bá irin pàdé níbẹ̀. Tí nǹkan bá jẹ, a lè rí òmíràn fi dípò. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Irin inú rẹ̀ lè dá pé, kí mọ́tò rẹ̀ dá pé, kí bọ́ọ̀dù kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ jóná, kí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sì ti dáwọ́ ṣíṣe bọ́ọ̀dù yẹn dúró. Mo ti dá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ padà fún olówó rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì ń dùn mí.

Mi ò sọ pé kó má rà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé kó bèèrè ta ni yóò máa tún un ṣe, àti ọdún mélòó tí wọ́n á fi máa ní ẹ̀yà rẹ̀ lọ́wọ́. Kó ra ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ iná tó bá ṣàdédé lọ sókè. Tó bá ti rán tán lálẹ́, kó yọ okùn iná kúrò lára ògiri.

Bísí Abẹ́rẹ́:
Ẹ̀gbọ́n Atúnrọṣe, ẹ̀rọ àtijọ́ náà ń kú. Ti ìyá mi, jíà oníke ló wà nínú rẹ̀, ó là sí méjì nígbà tó ń rán jíìnsì. Kọ̀ǹpútà kọ́ ló pa á.

Atúnrọṣe:
Òótọ́ ni. Jíà oníke tó ti gbó máa ń là. Ṣùgbọ́n jíà, mo lè pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tó sì ń pa tàtijọ́ tàtuntun jù lọ ni èérún aṣọ. Kúìlìtì máa ń rọ èérún ju aṣọ wíwọ̀ lọ fíìfíì. Ẹ ṣí àwo abẹ́rẹ́ nígbàkigbà tí bọ́bìnì bá tán, ẹ wò ó. Mo ti yọ ohun tó dà bí aṣọ nínípọn láàárín eyín ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ kan, tó ki bí ìka mi, ẹni tó ni ín sì ń sọ fún mi pé tẹ́ńṣọ̀nì òwú, ohun tó ń mú kí òwú le tàbí kó dẹ̀, ló bàjẹ́.

Fẹ́mi Ń Ránṣọ:
Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan ni mo ní, torí mo fẹ́ kí Àǹtí Àdùnní má ná owó tán kó tó rí i. Ẹ̀rọ ńlá kọ́ ló ń mú kí ègé pàdé. Ojú rírán kúìlìtì, àyè tó wà láti ojú òwú dé etí aṣọ, jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì. Tí tiyín bá fi mílímítà kan ṣoṣo sanra jù, ègé méjèèjì tó pàdé níbẹ̀ ló ń pàdánù mílímítà kọ̀ọ̀kan. Ègé mẹ́jọ lórí ìlà kan, ojú rírán méje. Mílímítà 14 ti lọ nìyẹn, ìlà náà kò sì ní bá èyí tó tẹ̀ lé e mu. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tó ní ògiri kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló wo tèmi sàn, lórí ẹ̀rọ kékeré.

Ọ̀nà kan sì wà tí kò nílò ọ̀fun gbígbòòrò: kí ẹ gún kúìlìtì náà ní abala-abala, ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wá so àwọn abala pọ̀ nígbẹ̀yìn.

Ìyá Olówùú:
Fẹ́mi, mo ti ṣe é bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń gba ni, ṣùgbọ́n ibi ìsopọ̀ máa ń ki, ìlà tó ń wọ́ kọjá láti etí dé etí kò sì ní ṣeé ṣe. Bí ẹ̀rọ bá ti kéré, ó dára. Ẹni tó ti ní owó lọ́wọ́, kó má fi jẹ ara rẹ̀ níyà.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ni tábìlì. Aṣọ tó ń so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń fa abẹ́rẹ́ wọ́, abẹ́rẹ́ á wá tẹ̀, á gbá àwo, á kán. Ojú ẹ̀rọ àti ojú tábìlì gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí tábìlì sì gùn lápá òsì àti lẹ́yìn. Ẹ̀rọ kékeré tó wà nínú tábìlì bẹ́ẹ̀ sàn ju ẹ̀rọ ńlá tó dúró gogoro.

Àdùnní Aránṣọ:
Ẹ ṣeun gan-an, mo ti padà dé. Mo gbé kúìlìtì oníínṣì 90 náà dání, mo mú ègé sífọ́ọ̀nù àti jíìnsì ìpele mẹ́rin mọ́ ọn, mo lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ mẹ́ta. Èyí àkọ́kọ́ ní àrà tó lé ní 400, ọ̀fun rẹ̀ ò ju ínṣì 7 àti díẹ̀ lọ. Kúìlìtì mi há níbi tó ń há nílé gan-an. Mo dìde. Èkejì ń rán gbọọrọ nìkan, ó yára, ó rán jíìnsì bí ẹni ń gé bọ́tà. Mo fẹ́ràn rẹ̀, Bàbá, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé mi ò ní máa dìde lọ sídìí ẹ̀rọ kejì nítorí ojú bọ́tìnì. Ẹ̀kẹta ní ọ̀fun ínṣì 11, irin tó ń fa aṣọ lókè wà lára rẹ̀, àwo oníhò kékeré wà nínú páálí, ó sì gbà kí n dín títẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kù. Kúìlìtì náà wọlé, àyè sì ṣẹ́ kù tí ọwọ́ mi méjèèjì fi tẹ́ sílẹ̀. Mo rán sífọ́ọ̀nù láti etí rẹ̀ gan-an. Kò jẹ ẹ́. Àrà rẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́, kò sì dùn mí rárá.

Òun ni mo mú. Mi ò ta ti àtijọ́, Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Káfíńtà ń bọ̀ ní Sátidé láti gé tábìlì. Ẹ̀gbọ́n Atúnrọṣe, kí ni kí n sọ fún un?

Atúnrọṣe:
Kó má gé e láìrí ẹ̀rọ náà lójú. Kó fi àyè ọwọ́ sílẹ̀ níbi tí ilé bọ́bìnì ti ń ṣí, kí ẹ lè gbọn èérún láì gbé e jáde, torí ẹ̀rọ tó tóbi bẹ́ẹ̀ wúwo, tó bá ti ṣòro láti ṣí, ẹ ò ní ṣí i. Kó sì lu ihò fún okùn iná àti ti pẹ́dà lẹ́yìn lápá ọ̀tún.