Òkè Ìdànrè Kì Í Ṣe Ilé Ìyafọ́tò

Ayé ti dé ibì kan báyìí tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá tíì gbé àwòrán ara rẹ̀ lórí àpáta sí Instagram, wọ́n á ní kò tíì mọ ayé í jẹ. Ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀sì fi ń kó àwọn ọmọ Èkó lọ sí Ìdànrè ní ìparí ọ̀sẹ̀, tí spíkà ń ké láti Berger títí dé Ọ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ fún yín pé Ọwá ni oyè ọba ìlú tí wọ́n ń lọ. Orin tí wọ́n máa fi sábẹ́ fídíò, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n.

Àkókò gan-an ni wàhálà àkọ́kọ́. Ìrìn bíi wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà ni láti Èkó, nítorí náà ẹni tó bá fi àárọ̀ kun ojú kó tó wọkọ̀, ọ̀sán gangan ló máa dé ìdí òkè. Àpáta tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀ kì í fi ooru pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni: oòrùn ń jó yín lórí, òkúta ń jó yín lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́n á sun Àkúrẹ́ mọ́jú, torí kò tó 30 kìlómítà sí Ìdànrè, á sì ti wà lórí àtẹ̀gùn kí aago méje tó lù. Àwọn tiwa sun Àkúrẹ́ lóòótọ́, àmọ́ pátì ni wọ́n fi òru ṣe.

Àtẹ̀gùn yẹn lé ní 600, ibi ìsinmi márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà. Ẹ wo àwọn akọni yìí níbi ìsinmi kìíní. Ẹni tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ewúrẹ́ nígbà tí kámẹ́rà ń wò ó ti wó sórí ìjókòó, wíìgì ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àtíkè ti ṣàn dé ọrùn. Ìgò omi kékeré kan ló gbé wá, pẹ̀lú power bank mẹ́ta. (Lítà omi kan ààbọ̀ sí méjì ló tọ́ sí ẹnì kan.) "Bọ̀dá, ṣé ó ti kù díẹ̀?" Amọ̀nà, tó wọ sìlípáàsì, tó sì fi báàgì obìnrin mẹ́ta kọ́rùn, á ní, "Ó ti kù díẹ̀, àǹtí." Irọ́ ni. Àánú ló ń ṣe é.

Bàtà ńkọ́? Kánfáàsì funfun tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dán bọ̀rọ́ ni, torí ó ń yọ dáadáa nínú fọ́tò. Ó tún ń yọ̀ dáadáa lórí àpáta. Lásìkò òjò, ibi tí omi ti ń ṣàn lára òkúta máa ń dúdú, ibẹ̀ gan-an ló sì ń gbé èèyàn ṣubú. Bàtà tó léyín nísàlẹ̀ lẹ wọ̀, kódà bó burẹ́wà.

Èyí tó dùn mí jù ni pé bí àtẹ̀gùn bá ti tán, wọ́n gbà pé òkè tán. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á yíjú padà. Bẹ́ẹ̀ ìlú àtijọ́ ṣì wà níwájú: ààfin Ọwá pẹ̀lú òpó gbígbẹ́, ilé ẹjọ́, ilé ìwé, ìlú tí àwọn èèyàn gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn. Láti 2007 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO, kí wọ́n lè kà á mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Àwọn díẹ̀ tó bá tẹ̀ síwájú, ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn, àmì ẹsẹ̀ kan tó wà lára àpáta, ni wọ́n ń sáré lọ, torí wọ́n ní ó ń bá ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn mu àyàfi tàjẹ́. Níbẹ̀ lẹ ti máa rí àwọn tó ń bú ìgbàgbọ́ àtijọ́ tí wọ́n ń rọra fi ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Ọ̀pọ̀lọ́ kan tún wà lórí àwọn òkè yìí, Perret's toad, tí kò sí níbòmíràn láyé. Láti 1970 ni àwọn onímọ̀ ò ti fojú kàn án mọ́, àfi ní 2013. Ọ̀pọ̀lọ́ tó sá fún àwọn onímọ̀ fún ohun tó lé ní 40 ọdún, ṣé spíkà yín ló máa wá jáde wá kí?

Sísọ̀ ló wá kù, òun ló sì ń pa orúnkún, torí gbogbo ìwúwo ara ló ń já lé e ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fẹ̀gbẹ́ sọ̀, ẹ sì tẹ gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọn ò gbọ́; sísá ni wọ́n ń sá sọ̀ kalẹ̀ nítorí fídíò. Kí bọ́ọ̀sì tó gbéra, wọ́n ti kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò: "Mo ti ṣẹ́gun òkè." Lọ́jọ́ Ajé, ẹ lọ wo aṣẹ́gun yẹn níbi iṣẹ́. Iná ti lọ, ó dúró sẹ́nu lífítì, àjà kejì ló ń lọ.