Ìbínú kì í da ẹ̀jẹ̀ bo ọpọlọ

Bí ìjà bá bẹ́ lọ́jà Ìpàtà ní Ìlọrin, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ ẹni tí ojú rẹ̀ ti pọ́n: "Ẹ rọra o, kí ẹ̀jẹ̀ má ru gba orí yín, kí iṣan ọpọlọ má bẹ́." Ẹ̀bẹ̀ náà dára. Àlàyé tó wà nínú rẹ̀ ni kò tọ̀nà, ó sì ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà, torí ẹni tí kì í bínú, tí orí kì í fọ́, á gbà pé rọpárọsẹ̀ kò kan òun.

Ojú tó pọ́n àti iwájú orí tó gbóná, ọ̀rọ̀ awọ ni. Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ọrùn pín sí méjì lábẹ́ àgbọ̀n: ẹ̀ka kan ń lọ sí ojú àti awọ orí, ìkejì ń wọ inú agbárí. Nǹkan bí 750 mílílítà ẹ̀jẹ̀ ni ọpọlọ àgbàlagbà ń gbà ní ìṣẹ́jú kan, iye náà kì í sì í yí púpọ̀ nítorí pé inú ń bí èèyàn. Bí ìfúnpá, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara òpó, bá gòkè, àwọn òpó ọpọlọ á fún. Bó bá wálẹ̀, wọ́n á là. Lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru, wọ́n lè ṣe é bí àárín ìfúnpá bá wà láti nǹkan bí 60 dé 150. Àárín la wí o, kì í ṣe nọ́ńbà òkè tí nọ́ọ̀sì ń pè; ẹni tó ní 120/80, àárín tirẹ̀ kò ju nǹkan bí 93 lọ, torí àkókò tí ọkàn fi ń sinmi gùn ju èyí tó fi ń lù lọ.

Nẹ́ẹ̀fù, ìyẹn okùn tó ń jíṣẹ́ fún ẹ̀yà ara, èyí tó ń jẹ́ sympathetic wá ń kó tirẹ̀ kún un. Òun ló máa ń mú kí àyà lù kìkì nígbà tí inú bá bí wa tàbí tí ẹ̀rù bá bà wá, òun náà ló ń ti ìfúnpá sókè. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ó tún ní ẹ̀ka tó ń lọ sára òpó ọpọlọ, iṣẹ́ tó sì ń jẹ́ fún wọn níbẹ̀ ni pé kí wọ́n fún. Láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn lókè àyà ló ti ń bọ̀, ó gun ọrùn dé kókó ńlá kan tó wà níwájú eegun ọrùn kejì àti ìkẹta, lẹ́yìn náà ó lọ́ mọ́ òpó ẹ̀jẹ̀ bí ìtàkùn ṣe ń lọ́ mọ́ igi, ó sì bá a wọ agbárí.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i, kó wo ọrùn àgbò Ìléyá nígbà tí alápatà bá ń là á. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ẹ̀jẹ̀ tó nípọn, okùn funfun kan wà tó yi. Nẹ́ẹ̀fù méjì ló wà nínú àpò kan náà: ọ̀kan ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọkàn àti ikùn, ìkejì ni sympathetic yìí tó ń gòkè. Lára èèyàn, wọn kò sí nínú àpò kan.

Ní 1890, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Roy àti Sherrington, kọ̀wé pé àwọn kò rí ẹ̀rí pé nẹ́ẹ̀fù ń darí òpó ọpọlọ. Ní 1928, àwọn olùwádìí mìíràn, Forbes àti Wolff, fi gíláàsì ṣe fèrèsé sí agbárí ológbò, wọ́n ta nẹ́ẹ̀fù ọrùn jí, wọ́n sì rí i pé òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà lórí ọpọlọ fún. Síbẹ̀ àríyànjiyàn kò tán, torí bí wọ́n bá gé nẹ́ẹ̀fù náà lára ẹranko tó wà ní ìsinmi, ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ìgbà tí ìfúnpá bá ròkè lójijì ni iṣẹ́ rẹ̀ ń hàn. Nínú eku tí wọ́n sìn ní pàtó nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti rọpárọsẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ tí wọ́n ti yọ kókó nẹ́ẹ̀fù rẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ kọlù jù. Ààbò ni nẹ́ẹ̀fù yìí jẹ́.

Ààbò náà kò dọ́gba. Iwájú ọpọlọ ní nẹ́ẹ̀fù yìí ju ẹ̀yìn lọ, ẹ̀yìn níbẹ̀ sì ni ọpọlọ ti ń ríran. Ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé ìdí nìyẹn tí ìfúnpá tó ròkè lójijì fi máa ń kọ́kọ́ ba ẹ̀yìn jẹ́. Aboyún tí ojú rẹ̀ ṣú, tó ń rí nǹkan tó ń kọ mànà, tí orí ń fọ́ ọ gidigidi, ẹ má pè é ní iṣẹ́ ayé. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kí gìrì tó mú un.

A kò sọ pé ìbínú kò léwu: bí òpó bá ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, ó lè parí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru ọlọ́dún gbọọrọ ló ń bà á jẹ́, láìsí ẹ̀fọ́rí rárá. Òpó á nípọn, á sì mọ́ ọn lára láti máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìfúnpá gíga. Ìdí nìyí tí ẹni tí nọ́ńbà òkè rẹ̀ jẹ́ 200 kò fi gbọ́dọ̀ da oògùn ọjọ́ mẹ́ta mì lẹ́ẹ̀kan kó lè tètè wálẹ̀. Bó bá já wálẹ̀ lójijì, ebi ẹ̀jẹ̀ á pa ọpọlọ, ìyẹn nìkan sì lè fa rọpárọsẹ̀. Kódà nílé ìwòsàn, nínú ọ̀pọ̀ ọ̀ràn pàjáwìrì bẹ́ẹ̀, wọn kì í dín in ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ ní wákàtí àkọ́kọ́.

Kí ẹ tó wọn ìfúnpá, ẹ tọ̀, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fi ẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí apá wà ní déédéé àyà. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ obì ní ìdajì wákàtí ṣáájú, kaféènì wà nínú rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Bó bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, orí fọ́ o, orí ò fọ́ o. Bí ọwọ́ kan bá sì rọ tàbí tí ẹnu yẹ̀, iyekíye tí ẹ̀rọ lè kà, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì fún un ní ohunkóhun gbé mì, torí ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.